Bí Mo Ṣe Ba Orúkọ Bàbá Rẹ Jẹ́ Lórí Koríko

                                        Yàrá Kejì,
                                        Ẹ̀yìn Ilé Ẹṣin.
                                        Ọjọ́ Kọkànlá, Oṣù Kẹwàá.

Ọmọ Alágbẹ̀dẹ, ọ̀rẹ́ mi àtàtà,

Ṣé dáadáa lo wà? Ọkọ rẹ ńkọ́? Ọmọ yín ńkọ́, ṣé eyín ti ń yọ? Ẹ̀yìn tó ń dùn ọ́ nígbà tí o kọ̀wé gbẹ̀yìn, mo gbà á ládùúrà pé ó ti fi ọ́ sílẹ̀. Ara tèmi le. Ọkàn mi ni kò balẹ̀, ìdí nìyẹn tí n kò fi tètè dá ọ lóhùn.

O rántí Dúdú, abo ẹṣin tí mo ń gùn fún ọ̀gá wa. Láti ìgbà tó ti ń fo igi ìdènà lórí koríko, ẹsẹ̀ lásán ló fi ń fò ó. Bàbá rẹ tó ń gé pátákò rẹ̀ máa ń sọ pé pátákò tó le báyẹn kò nílò irin, ó ń di ilẹ̀ mú fúnra rẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn agẹṣin ẹgbẹ́ mi ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ pé ẹṣin mi kò ní bàtà. Ó dùn mí wọra. Mo lọ bá ọ̀gá, mo ní bí a kò bá kan irin sí Dúdú lẹ́sẹ̀, a kò ní gba ipò kankan.

Bàbá rẹ kan án, ṣùgbọ́n wọ́n pè mí sí kọ̀rọ̀. Wọ́n ní, "Irin lásán lórí koríko tútù, bí ẹní da omi ọṣẹ sílẹ̀ ni. Mo ti lu ihò sí i. Tó bá di àárọ̀ ìdíje, fi sípánà yí àwọn ìṣó yìí sínú ihò náà, kó lè máa gún ilẹ̀." Wọ́n kó ìṣó mẹ́jọ lé mi lọ́wọ́. Mo ní, "Ẹ fọkàn balẹ̀, Bàbá."

Ọ̀rẹ́ mi, ní àárọ̀ ọjọ́ náà, fọ́tò ni mò ń ya. Ìrì ṣì wà lórí koríko, ìṣó sì wà nínú àpò mi. Nídìí igi ìdènà kẹta, bí mo ṣe ní kí Dúdú yí, ẹsẹ̀ ẹ̀yìn rẹ̀ yọ̀, ó fi ìhà lélẹ̀, igi sì wó lé e. Èmi dìde, mo gbọn aṣọ mi. Òun dìde, ó ń tiro.

Ọ̀gá sáré dé. "Ta ló kan irin yìí?"

Mo ní, "Bàbá Alágbẹ̀dẹ ni."

Kì í ṣe irọ́, àbí? Ṣùgbọ́n ibẹ̀ ni mo dákẹ́ sí. Lójú gbogbo ènìyàn, ọ̀gá ní kí bàbá rẹ má fẹsẹ̀ tẹ ọgbà wa mọ́, lẹ́yìn ọdún mọ́kàndínlógún. Bàbá gbé ẹsẹ̀ Dúdú sókè, wọ́n rí ihò tó ṣófo, wọ́n wò mí. Wọ́n kó irinṣẹ́ wọn, wọ́n lọ.

Wọ́n ní irọ́ lè sáré fún ogún ọdún. Tèmi kò lè sáré ju ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lọ. Mo gbọ́ pé àwọn ilé ẹṣin mìíràn náà kò pe Bàbá síṣẹ́ mọ́. Lọ́jọ́ Ajé tó kọjá, mo wọ ọ́fíìsì ọ̀gá, mo dorí kodò, mo jẹ́wọ́ gbogbo rẹ̀. Ọ̀gá gba gàárì lọ́wọ́ mi. Ìgbẹ́ ẹṣin ni mò ń kó báyìí, ó sì tọ́ sí mi. Ọ̀gá fúnra wọn ló lọ bẹ bàbá rẹ, wọ́n sì pe àwọn ilé ẹṣin yòókù láti tún ọ̀rọ̀ náà sọ. Bàbá ti padà, wọ́n ti tú irin náà kúrò, Dúdú kò sì tiro mọ́.

Mo kúnlẹ̀ bẹ̀ wọ́n. Wọ́n ní, "Dìde, bá mi di ẹsẹ̀ ẹṣin yìí mú." Ibẹ̀ ni mo ti béèrè bóyá wọ́n ti sọ ọ́ fún ọ.

Wọ́n ní rárá. Wọ́n ní, "Ọ̀rẹ́ kan ṣoṣo ni ọmọ mi ní níbí. Ṣé kí n tún gba ìyẹn lọ́wọ́ rẹ̀ ni?"

Ìyẹn ló tì mí lójú jù. Bá mi kí ọkọ rẹ, kí o sì bá mi gbé ọmọ jó díẹ̀. Bí inú bá bí ọ sí mi, má fi pamọ́, kọ ọ́ ránṣẹ́ bó ṣe rí.

Èmi tí mo ṣẹ̀ ọ́, tí mo ṣì jẹ́ tìrẹ,

Ẹlẹ́sẹ̀-Gígùn.