Ta Ló Fi Kọ́kọ́rọ́ Àjèjì Ṣí Bwàtì Bàbá Rẹ?

Ladjifarani, ní Parakou
Ọjọ́ kẹrìnlá oṣù kẹjọ, ọdún 1988

Jẹ̀lílì ọmọ mi, Àjàní ọkọ mi,

Ṣé dáadáa lo jí? Ṣé ara le? Ilé ńkọ́, ọ̀nà ńkọ́, òkun Kútọnu tí wọ́n ní kì í sùn ńkọ́? Ọlọ́run tó mú ọ débẹ̀ kò ní jẹ́ kí omi ibẹ̀ gbé ọ lọ, ẹsẹ̀ rẹ kò ní yọ̀, ojú kò ní tì ọ́ láàárín àjèjì, àmín. Bí o bá rí i pé ìwé yìí rí wọ́gọwọ̀gọ, tí ìlà kan ń gun èkejì lórí, má pariwo, èmi ìyá rẹ ni mo fọwọ́ ara mi kọ ọ́. Láti ìgbà òjò èṣí ni mo ti ń lọ sí kíláàsì àwọn àgbàlagbà tí Ìjọba Ìyípadà ṣí sí Banikanni, tí mo sì ń purọ́ fún ará ilé pé ọ̀rẹ́ mi kan tí ẹsẹ̀ ń dùn ni mò ń lọ kí. N ó sọ ìdí rẹ̀ fún ọ láìfi bò: owú ni.

Ìwọ náà kúkú mọ̀ pé Mùtíátù ìyàwó bàbá rẹ, tí ìwọ ń pè ní Ìyá Kékeré, òun ló mọ̀wé nílé wa. Òun ló ń ka lẹ́tà rẹ fún mi, òun náà ló ń bá mi fèsì. Bó bá gba lẹ́tà, á kọ́kọ́ fi ojú kà á tán fúnra rẹ̀, á rẹ́rìn-ín díẹ̀, á mí kanlẹ̀, kó tó wá la ẹnu kà á fún èmi tí mo gbé ọ sínú oṣù mẹ́sàn-án. Ìwé á gùn bí okùn kànga, ohun tí n ó gbọ́ kò ní ju ìlà márùn-ún lọ: o wà ní àlàáfíà, iṣẹ́ ń lọ, o kí wa. N ó ní ṣé ó tán? Á ní ó tán, Ìyá. Kọ́kọ́rọ́ bwàtì bàbá rẹ, àpótí tí lẹ́tà ń bọ́ sí ní ilé pọ́sìtì, sì wà ní etí ìró rẹ̀ tọ̀sán-tòru, bí ẹni pé òun ló bí ẹni tó ń kọ lẹ́tà. Wọ́n ní òjòwú kò lẹ́ran láyà. Jẹ̀lílì, èyí tó kù láyà tèmi kò tó se ọbẹ̀.

Ni mo bá dá ọgbọ́n kan. Lọ́jọ́ tí ó wọ ilé ìwẹ̀, mo mú kọ́kọ́rọ́ náà, mo tẹ̀ ẹ́ mọ́ ọṣẹ dúdú, mo gbé ọṣẹ lọ bá alágbẹ̀dẹ kan lẹ́yìn ọjà. Ó rọ òmíràn fún mi, ó dúdú, ó wúwo bí èyí tí wọ́n fi ń ti ọgbà ẹ̀wọ̀n. Lọ́jọ́ Àtàláátà mo fi ìborùn bo ojú, mo di ilé pọ́sìtì. Tẹ́lẹ̀, mo ti rò pé ihò tó wà nínú bwàtì gba abẹ́ ilẹ̀ wá láti Kútọnu, pé bí o bá ju lẹ́tà sí i lọ́hùn-ún, ọ̀dọ̀ wa ló ń bọ́ sí. Mo ti kọ́kọ́rọ́ bọ̀ ọ́, kò yí. Mo ṣe Bísímílà, mo tún tì í bọ̀ ọ́, kò yí. Bwàtì ẹnìkan ṣí sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ tiwa, mo fojú sí i kí n wo bí inú rẹ̀ ṣe rí, àfi bí mo ṣe rí ìka ènìyàn lọ́hùn-ún! Ìka márùn-ún tòun ti òrùka, láìsí ènìyàn. Mo kúnlẹ̀ kí wọn, torí n kò mọ ipò wọn níbẹ̀. Wọ́n dúró díẹ̀, wọ́n fi lẹ́tà kan sílẹ̀, wọ́n lọ. Jìnnìjìnnì bò mí, mo fi tipátipá yí kọ́kọ́rọ́ nígbà kẹta, ó kán sínú bwàtì. Mo ki orí rẹ̀ mọ́ àyà, mo sá wálé.

Lọ́jọ́ Jímọ̀, ẹni tó ń fi kẹ̀kẹ́ pín lẹ́tà gbé ìwé aláwọ̀ ìyeyè kan wá láti ilé pọ́sìtì. Bàbá rẹ ti lọ sí Ṣábẹ̀ láti wo oko kajú rẹ̀, nítorí náà Mùtíátù ló kà á fún gbogbo ilé. Wọ́n ní ẹni àìmọ̀ kan gbìyànjú lẹ́ẹ̀mẹ́ta láti fi kọ́kọ́rọ́ àjèjì ṣí bwàtì wa. Bí mo ṣe gbọ́ bẹ́ẹ̀, mo dìde, mo ṣépè fún olè náà, mo ní kí ọwọ́ rẹ̀ rọ, kí ó má rí ilẹ̀kùn ilé rẹ̀ ṣí. Gbogbo ará ilé ní àmín. Mùtíátù wá ń kà á lọ pé obìnrin ni, ó fi ìborùn bojú, lọ́jọ́ Àtàláátà, ó sì kúnlẹ̀ kí ògiri. Mo yára sọ fún Ọlọ́run nínú ikùn mi pé kí Ó má tíì gba àdúà yẹn o, n kò tíì parí rẹ̀, mo sì fi kún un sókè pé, àfi bí olè náà bá jẹ́ abiyamọ. Mùtíátù wò mí, ó tún dojú kọ ìwé. Ní ìsàlẹ̀ ìwé náà wọ́n ní bó bá jẹ́ pé ará ilé wa ni, kí a má mikàn, èyí sì tù mí nínú púpọ̀. Ṣùgbọ́n wọ́n ní àwọn ti ti bwàtì pa, kí ará ilé yọjú láàárín ọjọ́ mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, lẹ́tà inú rẹ̀ ń padà sọ́dọ̀ ẹni tó kọ ọ́ nìyẹn.

Mùtíátù ní òun á lọ. Mo ní ó tì, èmi ìyáálé wà nílé kí ìyàwó máa lọ gba lẹ́tà ọmọ mi? Àwa méjèèjì la jọ lọ, èmi níwájú. Kamaráàdì tó wà ní gìṣẹ́, ojú fèrèsé tí wọ́n ti ń dá ènìyàn lóhùn, kí mi, ó ní ṣé mo ti ṣe tán fún Ìyípadà. Mo ní mo ti ṣe tán láti ìdájí, n kò tilẹ̀ jẹun. Ó ní kí ni orúkọ ẹni tó ni bwàtì. Mo ní bàbá Jẹ̀lílì ni. Ó ní ìyẹn kì í ṣe orúkọ. Mo ní olówó orí mi ni. Ó wo ìwé rẹ̀ lókè, ó wò ó nísàlẹ̀, ó ní kò sí kamaráàdì tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Mo ní ó dúdú, ó ga, ó fẹ́ràn obì. Ó ní orúkọ lòun ń bi mí, àti pé ẹni tí kò bá mọ orúkọ onílé, òun gan-an ni ìwé aláwọ̀ ìyeyè ń wí. Jẹ̀lílì, ọgbọ̀n ọdún ni mo ti wà nílé yìí, ẹnu mi kò pe orúkọ bàbá rẹ rí. Àwọn àbúrò rẹ̀ tí mo pọ̀n, Ìbàdí-Àrán àti Akọ̀wé ni mò ń pè wọ́n. Ewúrẹ́ tí mo bá nílé ọkọ, Ẹ̀gbọ́n ni mo pè é títí ó fi kú. Kí n wá dúró láàárín ilé pọ́sìtì, kí n máa la orúkọ ọkọ mi mọ́lẹ̀ bí ẹni ń kígbe ẹ̀wà?

Àwọn tó tò sẹ́yìn ti ń kùn. Mo yíjú sí Mùtíátù, ó sì dùn mí wọnú egungun pé òun náà ni n ó tún bẹ̀. Òun náà fọwọ́ bo ẹnu, ó ní òun kò lè pè é, pàápàá níwájú mi. Èmi tí mo ti ń rò láti ọjọ́ yìí pé bí wọ́n bá wà ní yàrá, orúkọ ló ń pè é! Ibẹ̀ ni ọgbọ́n ti wá sí mi lórí. Mo ní kí kamaráàdì yá mi ní bíìkì tó fi ń kọ̀wé. Mo tẹ ìwé mọ́lẹ̀, mo kọ ọ́ gàdàgbà-gàdàgbà: SÚBÉRÙ AJÍBÓYÈ. Ẹnu mi kò dá sí i. Mùtíátù yanu sílẹ̀, kò lè pa á dé. Háà, inú mi dùn lọ́jọ́ náà!

Wọ́n fi ẹ̀mú yọ irin tó kán, wọ́n fi hàn mí, mo ní ayé mà ti bàjẹ́ o. Lẹ́tà méjì ló wà nínú bwàtì. Ọ̀kan fẹ́lẹ́, o kọ Màmá sí i lára. Èkejì nípọn, o kọ ọ́ pé fún Ìyá Kékeré nìkan. Mùtíátù na ọwọ́, mo gbá ọwọ́ rẹ̀ dànù, mo jókòó sórí àtẹ̀gùn ilé pọ́sìtì, mo ya á.

O ní ilé iṣẹ́ yín ti tì láti oṣù kẹta. O ní símẹ́ǹtì lo ń rù ní èbúté, pé èjìká rẹ ti bó, pé gàrí lo máa ń mu sùn lọ́jọ́ mìíràn. O ní kí Ìyá Kékeré má jẹ́ kí Màmá gbọ́, nítorí ẹ̀jẹ̀ ríru Màmá. N kò lè sáré kàwé, Jẹ̀lílì, ẹyọ-ẹyọ ni mò ń pè é, nítorí náà ẹyọ-ẹyọ ló ń wọ̀ mí lára. Aṣọ tí o fi ránṣẹ́ sí mi fún Iléyá, tí mo wọ̀ yan kọjá níwájú ilé gbogbo ènìyàn, ṣé owó símẹ́ǹtì ni?

Mùtíátù kúnlẹ̀ sórí àtẹ̀gùn, ó ń sunkún, ó ní o mú òun búra ni, ó ní oṣooṣù lòun ń fi èlùbọ́ ránṣẹ́ sí ọ nínú ọkọ̀ ojú irin. Mo mọ̀ pé ó yẹ kí n dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, mo sì dúpẹ́, ṣùgbọ́n ahọ́n nìkan ló dúpẹ́. Inú ń bí mi. Èlùbọ́ ẹlòmíràn ń wọ ẹnu ọmọ mi, tèmi ń hu kòkòrò nínú àpò nílé. Láti oṣù kẹta ló ti ń dá nìkan jí, tó ń dá nìkan ro ọ̀rọ̀ rẹ, èmi ń jẹun yó, mò ń hanrun. Kí ni mo ṣe fún ọ tí o fi gbé ìyẹn fún un?

Owó tí mo ní kó bá mi kọ sí ọ níjelòó, ti fìtílà àti ti bàtà, gbàgbé rẹ̀. Mo ti di èlùbọ́ àpò kan àti òrí fún èjìká rẹ, ọkọ̀ ojú irin ọjọ́ Àlàmísì ni yóò gbé e, lọ dúró dè é. Owó tí mo ń tọrọ kò ju ti sítáǹbù lọ, rà á níbẹ̀ fúnra rẹ, kí o fi kọ̀wé sí mi, kí o kọ ọ́ gàdàgbà, torí n kò tíì mọ kékeré kà.

Ọlọ́run yóò sọ ẹrù èjìká rẹ di fúyẹ́. Yóò ṣí ilẹ̀kùn mìíràn fún ọ, ìwọ náà kò ní bímọ tí yóò máa fi ara pamọ́ fún ọ. Má kọ ọ́ sí mi mọ́ pé o wà ní àlàáfíà bí kò bá rí bẹ́ẹ̀. Bó bá dùn ọ́, sọ pé ó dùn ọ́. Bí Mùtíátù yóò gbọ́, kó gbọ́, n kò lè ti etí rẹ̀ pa. Ṣùgbọ́n èmi ni mo bí ọ, Àjàní. Èmi ni kí o kọ́kọ́ sunkún sí létí.

Èmi ìyá rẹ.