Dáhùn Níbi Tí O Ti Ṣubú

Òkìkíọlá ọmọ mi,

Ṣé àlàáfíà ni o wà? Ṣé iṣẹ́ ń lọ déédéé, ṣé ariwo jẹnẹrétọ̀ àwọn aládùúgbò rẹ ní Ìjẹ̀ṣà-Tẹ̀dó ń jẹ́ kí o sùn? Ọlọ́run tó mú mi délé láyọ̀ á máa ṣọ́ àlọ rẹ, á máa ṣọ́ àbọ̀ rẹ, kò ní í jẹ́ kí ẹsẹ̀ rẹ yẹ̀ lórí ìtàgé. Àwa náà wà ní abúlé níbí, ara wa le. Àgbàdo ti gbó. Ewúrẹ́ ìyá Láyí bí ìbejì, ó sì ń fi wọ́n yangàn káàkiri bí ẹni tó ra mọ́tò tuntun. Yínká ọmọ àbúrò mi ló ń bọ̀ l'Ékòó tí mo fi ní kó bá mi mú lẹ́tà yìí wá. Mo lè pè ọ́ lórí fóònù, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ gùn, obìnrin inú fóònù yẹn sì máa ń já lu ọ̀rọ̀ àwa méjèèjì, á ní owó mi ti fẹ́ẹ̀ tán. Ta ló sọ ohun tó wà lápò mi fún un?

Láti ìgbà tí mo ti dé ni wọ́n ti ń bi mí ohun tí ojú mi rí. Mo sọ fún wọn pé ọmọ mi ṣe olorì ní gbàgede ńlá kan ní Ìpọ̀nrí, ní ìta gbangba, tí a ń wo ojú ọ̀run tí a sì ń wo eré. Mo ní ẹ̀yin òṣèré tọ́jú èrò yín púpọ̀, nítorí ọmọbìnrin ẹnu ọ̀nà kọ́kọ́ fi ẹ̀rọ kékeré oníná pupa wo àyà mi níbi tí mo di tíkẹ́ẹ̀tì mú, ó ń wò ó bóyá mo ní ibà, nígbà tí kò rí ibà ló tó ní kí n wọlé. Mo gbàdúrà fún un. Àwọn ọ̀dọ́ tó jókòó níwájú mi náà ṣe dáadáa. Bí ẹ ti jáde báyìí, gbogbo wọn gbé fóònù sókè, wọ́n ń tan iná sí yín kí ẹ lè máa ríran. Apá á ti ro wọ́n. Nígbà tiwa, àtùpà gáàsì méjì la máa ń gbé kọ́ igi, kòkòrò á sì bò ó.

Ohun kan ló kọ mí lóminú, pílásítà dúdú tẹ́ẹ́rẹ́ tó wà lẹ́rẹ̀kẹ́ rẹ. Mo wò yíká, irú rẹ̀ wà lẹ́rẹ̀kẹ́ gbogbo òṣèré, kò yọ ọba sílẹ̀. Bó bá jẹ́ eéwo ni, ó ti ń ràn. Ìdí-Àràbà kò jìnnà sí yín, ẹ kó ara yín lọ kí àwọn dókítà wò yín. Àmọ́ pẹ̀lú eéwo náà, ohùn rẹ dé ọ̀dọ̀ mi lẹ́yìn lọ́hùn-ún bí ẹni pé létí mi lo ti ń sọ̀rọ̀. Ohùn ìyá rẹ ni. Omi bọ́ lójú mi.

O kéré nígbà tó lọ, o kò lè rántí. Eré yìí gan-an, ti olorì tó mu májèlé kí ìlú má baà tú, ni ẹgbẹ́ wa máa ń fi lọ́rì gbé kiri, láti Ògbómọ̀ṣọ́ dé Ìsẹ́yìn, nínú ọgbà iléèwé, lójúde ọba, níbikíbi tí ilẹ̀ bá ti tẹ́jú. Èmi ni ẹ̀ṣọ́ tó di ọ̀kọ̀ mú, mi ò ní ọ̀rọ̀ kankan láti sọ ju Kábíyèsí lọ. Ṣìmí ìyá rẹ ni olorì. Bó bá ti gbé ife báyìí, àwọn ìyá tó jókòó sórí ẹní á bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ̀ ẹ́ pé kó má mu ún, ẹlòmíì á tiẹ̀ dìde láti gba ife náà lọ́wọ́ rẹ̀, èmi ẹ̀ṣọ́ ni màá rọra mú un padà síbi ìjókòó. Ayé yẹn dùn! Ẹ̀bà tútù là ń jẹ nínú lọ́rì, ṣùgbọ́n mi ò tíì rí oúnjẹ tó dùn tó o mọ́.

Nígbà náà, ẹni tó bá kú nínú eré kì í kàn dìde wọlé. Ará ilé rẹ̀ á pe orúkọ àbísọ rẹ̀, kì í ṣe orúkọ inú eré, òun náà á sì dáhùn níbi tó ti ṣubú, kí ikú lè mọ̀ pé eré là ń ṣe. Èmi ni mo máa ń pe ìyá rẹ. Á dáhùn, á dìde, á gbọn iyẹ̀pẹ̀ aṣọ rẹ̀, gbogbo èrò á sì hó yèè.

Ìdí rèé tí mo fi dìde ní Ìpọ̀nrí. O mu ún, o ṣubú. Mo wo ọ̀tún, mo wo òsì, mi ò rí ẹbí rẹ mìíràn, mo bá pè ọ́. O ò dáhùn. Mo tún pè. Ọba dúró, ó ń wò mí. Ọ̀gbẹ́ni Gbádé tó ń darí eré yín sáré wá, ó dọ̀bálẹ̀, ó ní ẹ jọ̀ọ́ bàbá, òkú kì í sọ̀rọ̀. Mo ní ọmọ mi kì í ṣe òkú. Àwọn ọ̀dọ́ wá ń pàtẹ́wọ́ fún mi, wọ́n rò pé mo wà nínú eré. Ni iná bá kú, nígbà tó fi máa tàn, o ti wọlé.

Mo mọ̀ pé o wọ ṣòkòtò jíǹsì jáde wá bá mi, o dì mọ́ mi, o ní mo dójú tì ọ́ ṣùgbọ́n o ò bínú. Mo pè ọ́ nínú ọkọ̀, o dáhùn. Inú ọkọ̀ kọ́ la ti ń dáhùn, Òkìkíọlá. Lọ́jọ́ kan ní Ìsẹ́yìn, òjò tú èrò ká kí n tó pe ìyá rẹ, gbogbo wa sá wọ lọ́rì, inú lọ́rì ló ti dáhùn, ó ń rẹ́rìn-ín, omi ń kán lórí rẹ̀. Kí ọdún tó yípo, ó ti kú. Dókítà ní ibà ni, mo gbà pé ibà ni. Ṣùgbọ́n láti ìgbà tí mo ti dé láti Èkó, ọ̀rọ̀ náà kò kúrò lọ́kàn mi. Ẹ̀rù ń bà mí. Ìwọ nìkan ni mo ní.

Mo gbọ́ pé ẹ óò tún ṣe eré náà lọ́jọ́ Sátidé tó ń bọ̀. Fi owó ọkọ̀ ránṣẹ́ sí Aminullah tó ní ẹ̀rọ owó lẹ́nu ọjà, kí o sì fi díẹ̀ lé e kí n fi tún bàtà mi ṣe. Bá mi sọ fún báǹkì kí wọ́n rọra ti owó náà, torí èyí tó gba inú ẹ̀rọ wá lọ́jọ́sí ti ya létí, ó jọ pé ọ̀nà ibẹ̀ fún. Kí Ọ̀gbẹ́ni Gbádé fọkàn balẹ̀, mi ò ní í pariwo mọ́. Màá jókòó jẹ́ẹ́ títí èrò á fi lọ tán, títí wọ́n á fi kó àga. Nígbà náà ni kí o padà jáde, kí o dúró síbi tí o ti ṣubú. Bí o bá tiẹ̀ rò pé ọjọ́ ogbó ló ń dà mí láàmú, ṣáà bá mi ṣe é.

Wàá pẹ́ láyé, wàá gbó, wàá tọ́. Ìwọ lo máa sin mí. Mi ò ní í pe orúkọ rẹ kí n má gbọ́ ohùn rẹ. Àmín.

Èmi ni bàbá rẹ,
Àkàngbé