Ìbò Kan Ṣoṣo Láti Ìwọ̀-Oòrùn

Ọjọ́ Ajé, 9 Oṣù Kọkànlá, 1987

Wọ́n ní kí n má fẹsẹ̀ kan ilé ìwé mọ́ títí ọdún yóò fi yí. Ohùn Imú-Gọ̀gọ̀ ni mo fi sọ̀rọ̀ nínú ẹ̀rọ gbohùngbohùn — ọ̀gá ilé ìwé wa nìyẹn. Mo ní, "Gbogbo akẹ́kọ̀ọ́, ẹ máa lọ sílé, yìnyín ńlá ń bọ̀." Oòrùn ń ràn yòò. Wọ́n lọ. Tíṣà méjì náà lọ.

Màmá ní kí n kó lọ sọ́dọ̀ Bàbá Àgbà, ó kéré tán n ó wúlò. Mo wúlò lóòótọ́. Ojú ti ń tán lọ lára Bàbá Àgbà. Ó ń rí ìmọ́lẹ̀, ó ń rí òjìji, kò rí ojú èèyàn mọ́. Èmi àti Màmá nìkan la mọ̀. Tí àwọn ará Ritter, ìlú wa yìí, bá gbọ́, wọn á gba ìbò ọwọ́ rẹ̀.

Ìbò Ère Idẹ ni mò ń wí. Lọ́dọọdún, àwọn akọ̀ròyìn eré ìdárayá káàkiri ilẹ̀ yìí ló ń dìbò, kí wọ́n mọ ẹni tó mọ bọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà, èyí tí wọ́n ń fọwọ́ gbé sáré, jù nínú gbogbo yunifásítì. Ọ̀nà mẹ́fà ni wọ́n pín ilẹ̀ sí, ìbò ọgbọọgba. Orúkọ mẹ́ta ni èèyàn ń kọ — ẹni kìíní, ẹni kejì, ẹni kẹta. Ní ìlú wa yìí, Bàbá Àgbà nìkan ló ní ìbò, nítorí pé òun ló ń kọ ìròyìn bọ́ọ̀lù láti ìgbà tí Màmá ti wà ní ìkókó. Èmi wá ni ojú rẹ̀ báyìí. Ohun tí mo bá rí, mo máa ń sọ ọ́ fún un pẹ̀lú ohùn àwọn alálàyé rédíò. Ó máa ń rẹ́rìn-ín. Odídẹ ló ń pè mí.

Lọ́dún yìí, tiwa wà níbẹ̀! Bọ̀ọ̀dá Tavi Leota, ti yunifásítì ìlú wa. Yàrá tó wà lókè ilé ọkọ̀ Bàbá Àgbà ló ń gbé, láràárọ̀ ló ń la igi ìdáná wa. Ìyá rẹ̀ ń la ẹja ní Tacoma. Ìdílé a-la-nǹkan ni wọ́n.

Ọjọ́rú, 11

Mo lọ sí ilé ìkàwé. Ìwé ìròyìn Ìlà-Oòrùn ti ọjọ́ Àìkú ṣẹ̀ṣẹ̀ dé. Mo wá eré tiwa. Ohun tí wọ́n kọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ Ritter ni: Eré alẹ́, èsì kò tíì dé. Tán.

Bọ̀ọ̀dá Tavi gbé bọ́ọ̀lù sí abíyá, ó gbé ọkùnrin mẹ́ta sí ẹ̀yìn, ó wọ́ gbogbo wọn kọjá ìlà — èsì kò tíì dé. Nígbà tí tiwa bá ń bẹ̀rẹ̀, ilẹ̀ ti ṣú lọ́dọ̀ àwọn ará Ìlà-Oòrùn, wọ́n ń fọ eyín. Nígbà tí tiwa bá parí, wọ́n ti yí ìhà kejì sùn.

Ilé oúnjẹ Verla gbóná lónìí. Gbogbo àwọn àgbẹ̀ àlìkámà ló wà níbẹ̀, kò sóhun tí wọ́n ń ṣe, ilẹ̀ ti dì. Rondell Gaskin ti Alabama, tó ń bá tiwa du Ère Idẹ, ni wọ́n ń bú. Wọ́n ní àwòrán rẹ̀ ti kún ilẹ̀ Gúúsù bí àwòrán ẹni tó fẹ́ di gómìnà. Dutch Amdahl, ọ̀kan nínú wọn, ní ọ̀rá lásán ló ń sá kiri bẹ́ẹ̀. Mo bi í bóyá ó ti rí i rí. Ó ní, "Ìwọ ọmọ yìí, ṣé dandan ni kí n rí ìgbẹ́ kí n tó mọ̀ pé ó ń rùn?"

Ó wá yíjú sí Bàbá Àgbà. "Bàbá Fossum, ẹ ṣe é bí ẹ ti máa ń ṣe é."

Bí wọ́n ti máa ń ṣe é: kọ tiwa sí ipò kìíní, wá ọmọ méjì tí ẹnikẹ́ni ò mọ̀ sí ipò kejì àti ìkẹta, kí ará Gúúsù má rí nǹkan kan he. Gbogbo Ìwọ̀-Oòrùn ló ń ṣe bẹ́ẹ̀. Gúúsù náà ń ṣe é fún wa. Gbogbo ilé oúnjẹ mi orí, bí ìgbà tí wọ́n ń ṣe àmín.

Ọjọ́bọ̀, 12

Mo fi ohùn Verla pe Dutch lórí fóònù pé ó gbàgbé eyín àtọwọ́dá rẹ̀ sínú ife kọfí. Ó wá a wá.

Ọjọ́ Ẹtì, 13

Mo ti ṣe nǹkan.

Bàbá Àgbà ń sùn lórí àga. Mo pe Agbọ́n. Lucius Pettway ni orúkọ rẹ̀ gan-an, ará Alabama, akọ̀ròyìn àgbà, òun náà ní ìbò. Ọdọọdún ni òun àti Bàbá Àgbà máa ń bú ara wọn lórí fóònù títí àwọn méjèèjì á fi rẹ́rìn-ín. Mo wúkọ́ bí Bàbá Àgbà, mo ha ọ̀nà ọ̀fun, mo ní, "Pettway, ṣé o ṣì wà láyé?"

Ó gbà á gbọ́ lójú ẹsẹ̀. Mo fi Bọ̀ọ̀dá Tavi fọ́nnu. Ó ní àwọn ò rí eré wa, oorun ló ń gbé àwọn lọ. Mo ní oorun kọ́, ìlara ni. Ó rọra fi orúkọ Bàbá Àgbà bi mí pé, "Orrin, ọwọ́ wo ni Gaskin fi ń gbé bọ́ọ̀lù?"

Mi ò mọ̀. Mo ní ọ̀tún.

"Ọwọ́ méjèèjì ni. O ò tíì wò ó rí." Kò tilẹ̀ pariwo. Ó wá dá àbá kan: kí n jókòó wo Gaskin lọ́la, òun náà á dènà oorun lálẹ́ ọ̀la nítorí Tavi. Tẹlifíṣọ̀n àwọn kì í gbé eré wa, nítorí náà kí n máa sọ ọ́ fún òun lórí fóònù. Mo ní ó dára. Mo dúpẹ́. Ó ní, "Ìwọ Orrin lò ń dúpẹ́? Ara rẹ ò yá ni?"

Mo gbé fóònù sílẹ̀ kí Bàbá Àgbà tó jí.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 14

N ó kọ ọ́ bó ṣe rí.

Láàárọ̀, mo ní kí Bàbá Àgbà jẹ́ ká wo Alabama, ká lè fi Gaskin ṣe yẹ̀yẹ́. Ó gbà. Kọfí, búrẹ́dì dídùn ti Verla. Mo bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ohùn alálàyé tó ń sọ̀rọ̀ nímú. Bàbá Àgbà ń rẹ́rìn-ín.

Gaskin gba bọ́ọ̀lù. Ọkùnrin mẹ́rin ti dúró dè é. Mo ti ya ẹnu. Ó wá dúró. Kò sá — ó dúró, bí ẹni tó rántí pé òun gbàgbé nǹkan sílé. Àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin náà dúró, bí ẹni tó fẹ́ bá a wá nǹkan ọ̀hún. Ìgbà tí wọ́n máa fi mọ̀, kò sí níbẹ̀ mọ́. Mi ò rí i kí ẹsẹ̀ rẹ̀ gbéra. Ó kàn ti wà lọ́hùn-ún, òun nìkan, koríko gbogbo jẹ́ tirẹ̀, ó ń lọ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ bí omi tó mọ ibi tí òkun wà. Àwọn tó ń lé e dẹ́kun eré. Ọ̀kan nínú wọn gbé ọwọ́ lé orí, ó ń wò ó. Ọ̀tá rẹ̀ o! Ó ń wò ó bí a ṣe ń wo òṣùmàrè.

Ẹnu mi wà ní yíyà. Ohùn kankan ò jáde.

Bàbá Àgbà ní, "Odídẹ, kí ló dé?"

Mo ní, "Ó ṣubú, Bàbá Àgbà."

Ó fetí sílẹ̀. Ariwo àwọn èrò ṣì ń ru gùdù nínú tẹlifíṣọ̀n. Ó ní, "Ariwo tí wọ́n ń pa fún ẹni tó ṣubú kọ́ nìyẹn. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí ọ, ẹnu rẹ ò dákẹ́ rí. Sọ ohun tó pa ọ́ lẹ́nu mọ́."

Mo sọ ọ́. Mi ò mọ ohùn ta ni mo fi sọ ọ́. Mo sọ ọ́ tán, ó ní kí n tún un sọ.

— Alẹ́. Mo ní ibà ń ṣe mí. Màmá ló tẹ̀lé Bàbá Àgbà lọ síbi eré. Mo tan tẹlifíṣọ̀n tiwa, mo tan rédíò kí ariwo pápá lè wà lẹ́yìn mi, mo pe Alabama. Yìnyín ń já bọ́ fìì. Gbogbo wọn ń yọ̀ ṣubú bí ọmọ màlúù tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ bí, àfi Bọ̀ọ̀dá Tavi. Ó ń rìn bí ẹni tó wà nínú ilé ìyá rẹ̀. Wọ́n rọ̀ mọ́ ọn, ó ń lọ. Wọ́n fa aṣọ rẹ̀ ya, ó ń lọ. Èéfín ń jáde lára rẹ̀ bí ara ẹṣin. Mo ń sọ ọ́, mo ń sọ ọ́. Mo gbọ́ tí ìyàwó Pettway ń béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ ẹni tó ń bá sọ̀rọ̀ ní irú àsìkò yìí. Ó ní kó dákẹ́ jọ̀ọ́.

Ìgbà tí eré parí ló tó sọ̀rọ̀. "Orrin. Ṣé bẹ́ẹ̀ ló ṣe ń ṣe láti ọjọ́ yìí, tí àwa ń sùn?"

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni.

Ó wá ní òun ti fi ìbò tòun ránṣẹ́ kí n tó pe òun lánàá. Kò sí Tavi níbẹ̀. Òun kàn fẹ́ fi mí ṣeré ni. Ohùn rẹ̀ ti rẹlẹ̀. Èmi náà ì bá jẹ́wọ́ ẹni tí mo jẹ́. Mi ò lè jẹ́wọ́. Mo kí i pé ó dàárọ̀.

Ọjọ́ Ajé, 16

Fóònù dún. Bàbá Àgbà ló gbé e kí n tó dé ibẹ̀. Pettway ni.

Bàbá Àgbà gbọ́ ọ pẹ́. Lẹ́yìn náà ó ní, "Bẹ́ẹ̀ ni. Èmi ni." Ó tún gbọ́. Ó gbé e sílẹ̀. "Odídẹ, mo gbọ́ pé mo sọ̀rọ̀ dáadáa lálẹ́ ọjọ́ Àbámẹ́ta."

Pettway ní láti àná lòun ti ń pe àwọn akọ̀ròyìn Gúúsù tí wọn ò tíì fi ìbò ránṣẹ́. Ó ní wọ́n ń bú òun. Ó ní òun ò ní yéé pè wọ́n.

Ìyà mi: kí n fọ gbogbo fèrèsé ilé. Kò lè rí i bóyá wọ́n mọ́. Mo fọ̀ wọ́n mọ́.

Ọjọ́bọ̀, 19

Mo jókòó ti Bọ̀ọ̀dá Tavi níbi tó ti ń la igi. Mo bi í pé, ṣé Gaskin ò bí i nínú? Ó ní láràárọ̀ ọjọ́ Àbámẹ́ta lòun ń jí wò ó, kí òun tó lọ ṣe eré tòun.

"Ní Tacoma," ó ní, "ìkùukùu máa ń bo òkè ńlá wa fún ọ̀sẹ̀ púpọ̀. Lọ́jọ́ tó bá yọ, gbogbo èèyàn á dúró ní títì, awakọ̀ pàápàá. Ta ló ń bínú sí òkè, Junie?"

Mo bi í pé kí ló wá fẹ́. Ó ní kí wọ́n ṣáà pe òun sí New York, níbi tí wọ́n ti ń fúnni ní ère náà, kí ìyá òun wọ aṣọ tó wù ú, kó jókòó ní iwájú, kó má gbọ́ òórùn ẹja fún ọjọ́ kan.

Ó tún gbé àáké. Igi yẹn là sí méjì kó tó kàn án, ó jọ bẹ́ẹ̀ lójú mi.

Ọjọ́ Ẹtì, 20

Bàbá Àgbà pè mí sídìí tábìlì. Ìwé ìbò. Èmi ni kí n kọ ọ́.

"Ipò kìíní, Gaskin."

Mo ní, "Bàbá Àgbà, ẹ rántí Bọ̀ọ̀dá Tavi. Ẹ rántí ìyá rẹ̀. Òkè ilé ọkọ̀ yín ló ń gbé."

Ó ní òun rántí. Ó ní nígbà tí ojú òun là kedere, òun ò wo ibi kankan kọjá pápá Ritter. Ọdọọdún lòun ń kọ orúkọ àwọn tí òun mọ̀ pé wọn ò tó bẹ́ẹ̀. "Ta lo rí tó pa ọ́ lẹ́nu mọ́?"

Kálàmù wà lọ́wọ́ mi. Mo lè kọ Leota síbẹ̀ kó má mọ̀ láéláé. Ó yí ojú sí fèrèsé, bí ẹni tó fún mi láyè.

Mo kọ Gaskin. Mo kọ Leota sí ipò kejì.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 5 Oṣù Kejìlá

A wo New York lórí tẹlifíṣọ̀n. Gaskin gbà á. Bọ̀ọ̀dá Tavi ṣe ìkejì. Ìyá rẹ̀ wà níwájú, aṣọ búlúù, òdòdó ní etí. Ó tẹjú mọ́ gbogbo iná orí àjà yẹn bí ẹni tó ń kà wọ́n.

Ọjọ́ Ajé, 7

Ìwé ìròyìn ti tẹ ìbò jáde, ẹkùn kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Verla kà á sókè. Ní Gúúsù, orúkọ Tavi wà ní ipò kejì lọ́pọ̀ ìwé — ẹnu ya gbogbo wọn, wọ́n ní irú rẹ̀ ò ṣẹlẹ̀ rí. Ó wá kan Ìwọ̀-Oòrùn. Verla fi ìka tọ ìlà náà lẹ́ẹ̀mejì. Ó ní ní gbogbo Ìwọ̀-Oòrùn, ẹnì kan ṣoṣo ló fi Gaskin sí ipò kìíní.

Ilé oúnjẹ gbiná. Ta ni ọ̀dàlẹ̀ náà? Wọ́n ní ará Seattle ni, wọ́n ní ará California ni, àwọn yẹn ò mọ ará ilé wọn. Dutch ní kí wọ́n ṣáà fi onítọ̀hún han òun, òun á bu kọfí gbígbóná sí i ní bàtà. Bàbá Àgbà ń mu kọfí tiẹ̀. Mo ń wo tábìlì.

Ilẹ̀kùn ṣí, Bọ̀ọ̀dá Tavi wọlé, kóòtù tuntun tó wọ̀ lọ sí New York ṣì wà lọ́rùn rẹ̀. Wọ́n dìde, wọ́n pàtẹ́wọ́, wọ́n fi àga fún un. Dutch sọ ọ̀rọ̀ ọ̀dàlẹ̀ náà fún un tìbínú-tìbínú.

Bọ̀ọ̀dá Tavi rẹ́rìn-ín. Ó ní òun bá Gaskin jẹun. Ó ní Gaskin bi òun bí wọ́n ṣe ń dúró lórí yìnyín, òun náà bi í bí wọ́n ṣe ń pòórá. "Ẹni tó dìbò yẹn," ó ní, "èmi náà ì bá dì í bẹ́ẹ̀. Bí mo bá rí i, n ó bọ̀ ọ́ lọ́wọ́."

Bàbá Àgbà gbé ife sílẹ̀. Ó dìde. Ó na ọwọ́.

Òsì ló nà án sí, níbi tí wọ́n fi aṣọ kan kọ́ sára ògiri, tó dà bí òjìji èèyàn. Bọ̀ọ̀dá Tavi wà lápá ọ̀tún. Ọwọ́ náà dúró lófuurufú, kò wálẹ̀. Gbogbo wọn ló rí i — ohun méjèèjì ni wọ́n rí lẹ́ẹ̀kan náà: ẹni tó dìbò yẹn, àti ojú tí kò ríran mọ́. Mo fẹ́ dìde kí n yí ọwọ́ náà padà. Mi ò lè dìde.

Bọ̀ọ̀dá Tavi kúrò níbi tó wà. Ó rìn yí tábìlì ká, ó lọ dúró síwájú aṣọ yẹn, ó sì gba ọwọ́ náà mú.