Ẹ̀yìn Wa Ló Ń Tàn Wá

Bàbá Fareedah,

Àyẹ̀wò tí wọ́n ṣe fún Fareedah ní ọsibítù láàárọ̀ yìí fi hàn pé etí rẹ̀ kò gbọ́ nǹkan kan rárá. N ò mọ bí wọ́n ṣe ń fi oyin sí irú ọ̀rọ̀ yìí.

Nígbà tó sùn, wọ́n lẹ wáyà mọ́ ọn níwájú orí àti lẹ́yìn etí, kí ẹ̀rọ lè mọ̀ bóyá ọpọlọ rẹ̀ ń dáhùn sí ìró. Wọ́n gbé ìró náà sókè títí èmi tí mo jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ fi ń gbọ́ ọ. Ọpọlọ kò dáhùn.

Mo ní fún nọ́ọ̀sì tó ń ṣe àyẹ̀wò náà, "Àǹtí, tí mo bá pọ̀n ọ́n tí mo kọrin, ó máa ń dákẹ́."

Ó ní, "Ẹ̀yìn yín tó ń gbọ̀n ló ń mọ̀ lára. Tó bá jí, ẹ dúró lẹ́yìn rẹ̀, kí ẹ pè é."

Ó jí, mo pè é. Fáànù ló ń wò.

Fareedah wà lọ́dọ̀ Màmá yín báyìí. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n kán adín sí i létí. Ẹ má sì tún sọ pé ọmọ ilé yín kì í tètè sọ̀rọ̀.

Nígbà tí a délé, afẹ́fẹ́ gbá ilẹ̀kùn pa gbàà, Abdulquadri àbúrò rẹ̀ tó sùn sí ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn náà kò ta gìrì. Mo ti gbé òun náà lọ sí ọsibítù fún àyẹ̀wò yẹn.

Tí ẹ bá fẹ́ pe Fareedah, ẹ dé iwájú rẹ̀. Láti ọjọ́ ìsọmọlórúkọ la ti ń pè é. Kò tí ì gbọ́ orúkọ rẹ̀ rí.