Iye Tí Wọ́n Pè Lórí Kọ́ìnì Bàbá

Bọ̀dá mi Ládélé,

Àsàláámù àlékùn. Ìyàwó wa ńkọ́, àwọn ọmọ ńkọ́, nínú òtútù Manchester? Màámi kí yín. Òjò tún ti ya wọ yàrá ẹ̀yìn ní Festac níbí, ṣùgbọ́n a dúpẹ́.

Ẹsẹ̀ Bàbá ni mo torí ẹ̀ kọ̀wé. Egbò àtọ̀gbẹ ti jẹ ẹ́ dé ọrùn ẹsẹ̀. Dókítà ní kí wọ́n gé e, pé bí ẹsẹ̀ ò bá lọ, Bàbá á lọ. A fẹ́ ta ilẹ̀ Abúlé Adó, Bàbá kọ̀. Wọ́n ní kọ́ìnì tí ẹ fún àwọn nígbà Iléyá, èyí tí ojú ọbabìnrin inú ẹ̀ wọ́, ni yóò sanwó ọsibítù. Wọ́n ní àṣìṣe àwọn tó rọ ọ́ ló sọ ọ́ di ọ̀wọ́n, pé àwọn rí irú ẹ̀ lórí íńtánẹ́ẹ̀tì ní mílíọ̀nù méjì náírà.

Mo wò ó fúnra mi. Àwọn tó pe iye yẹn pọ̀ jáǹtìrẹrẹ, ẹnikẹ́ni ò rà á. Èyí tí wọ́n tà lóòótọ́ ò ju owó búrẹ́dì lọ. Bàbá tó ta pátì mọ́tò ní Trade Fair títí wọ́n fi hewú, tí wọn kì í gba iye àkọ́pè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, wá gba èyí gbọ́ láìná an!

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ pè wọ́n lónìí. Tiyín nìkan ni wọ́n ń gbọ́. Ọlọ́run ò ní fi ọ̀fọ̀ pè yín wálé.

Òórùn ẹsẹ̀ náà ti dé pálọ̀. Bàbá di kọ́ìnì mọ́wọ́, wọ́n ní kí n sọ fún yín pé tí owó bá dé, ìdajì ni tiyín.

Àbúrò yín,
Kúlísúmù