Àyè Kan Ṣoṣo fún Táíwò àti Kẹ́hìndé

Ìyá mi, ẹ kú ilé o. Ẹ kú àfojúsọ́nà, ẹ kú àìrí ara ẹni láti ìgbà yí wá. Mo dọ̀bálẹ̀, bí ẹ̀yìn mi kò tilẹ̀ fẹ́ kí n tètè dìde mọ́. Mo kí Bùọ̀dá Àgbà, mo kí gbogbo agboolé. Àdùkẹ́ àbúrò mi, ìwọ tí o ń ka ìwé yìí sí wọn létí, kú iṣẹ́. Má fo ibi tí kò bá dùn o.

Láti òní lọ, kò sí ọmọ kan ní Kàdúná tí a ó tún ti ilẹ̀kùn ìmọ̀ mọ́. Èmi kọ́ ni mo sọ bẹ́ẹ̀. Alága ìgbìmọ̀ ilé ìwé tuntun tó wà ní Gonin Gora ló sọ ọ́, nínú agbádá funfun, níwájú àwa òbí tó kún ọgbà fọ́fọ́. A pàtẹ́wọ́ títí. Nígbà tí a pàtẹ́wọ́ tán ló wá sọ fún wa pé ogójì ọmọ péré ni àyè wà fún.

Ẹ béèrè nínú lẹ́tà yín pé irú ilé ìwé wo ni, àti pé ṣé òótọ́ ni pé ọ̀fẹ́ ni. Ilé ìwé ìjọba ni. Ìjọba ló ni ilé, ìjọba ló ń fún wọn lówó iṣẹ́, ṣùgbọ́n ìgbìmọ̀ kan ló ń darí rẹ̀ tó sì ń gba tíṣà síṣẹ́, lórí ìwé àdéhùn ọdún márùn-ún. Bí iṣẹ́ wọn kò bá tẹ́ ìjọba lọ́rùn, ìjọba lè gba àdéhùn ọ̀hún padà, kí ilé ìwé di títì. Mo bi alága pé níbo ni àwọn ọmọ yóò gbà lọ bó bá rí bẹ́ẹ̀. Ó ní ìbéèrè ọlọ́gbọ́n ni, ó sì nawọ́ sí ẹlòmíràn. Owó ilé ìwé kò sí, lóòótọ́. Ṣùgbọ́n aṣọ wà, ìwé wà, owó ọkọ̀ láti àdúgbò wa, Tẹlifíṣọ̀n, sì wà lójoojúmọ́, ìyẹn bí epo bá wà. Láti ìgbà tí ilé iṣẹ́ aṣọ ti dá Ṣọlá ọmọ mi dúró, owó ìfẹ̀yìntì iṣẹ́ tíṣà mi ni gbogbo wa ń wò, òun náà sì ń ṣe bí òjò ọdún yìí: ìgbà tó bá wù ú ló ń wá.

Síbẹ̀, mo wọ kíláàsì wọn, mo rí i pé ọmọ kọ̀ọ̀kan ní àga tirẹ̀. Ní gírámà tó wà nítòsí wa, ilẹ̀ ni wọ́n ń jókòó sí, ìyanṣẹ́lódì sì ti mọ́ tíṣà ibẹ̀ lára ju ẹfun ìkọ̀wé lọ. Àwọn ìbejì Ṣọlá ti parí pírámárì. Mo fẹ́ kí wọ́n lọ síbi tí àga wà.

Lọ́jọ́ tí mo lọ gba fọ́ọ̀mù, akọ̀wé wọn, ìyáálé ilé kan tó ń jẹ́ Hauwa, wo àwọn ọmọ náà, ó bi mí bóyá tagwaye ni wọ́n, ìyẹn ìbejì. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó ní kí Bàbá kọ orúkọ àwọn méjèèjì sórí fọ́ọ̀mù kan. Ìyá mi, ńṣe ni mo dúró tí mo kọ́ ìyáálé ilé lẹ́kọ̀ọ́. Mo ní ènìyàn méjì ni ìbejì, wọn kì í ṣe ẹnì kan tó ní orí méjì. Mo ní fọ́ọ̀mù méjì, àǹfààní méjì, pé ìṣirò nìyẹn. Ó ní "To, Baba," pé ó dáa, ó fún mi ní méjì. Mo fi ìkọ̀wé tí ẹ máa ń fi yangàn láàárín àwọn ẹlẹgbẹ́ yín kún méjèèjì.

Wọ́n kó gbogbo fọ́ọ̀mù sínú garawa, wọ́n fi aṣọ di tíṣà kan lójú, ó ń fà á jáde lọ́kọ̀ọ̀kan. Bí wọ́n ti ń pe orúkọ, àwọn kan ń ké Alihamudulilai, àwọn kan ń ké Haleluya. Wọ́n pe Táíwò. A dúró. Ogójì pé, wọ́n da garawa délẹ̀.

Mo padà tọ Hauwa lọ. Kò fi mí ṣẹ̀sín. Ó kàn yí fọ́ọ̀mù kan padà, ó na ìka sí ẹ̀yìn rẹ̀. Ó wà níbẹ̀ gbangba: ìbejì tó bá wà lórí fọ́ọ̀mù kan náà, bí a bá fà á, àwọn méjèèjì ló wọlé. Èmi tí mo fi ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n pariwo mọ́ ọmọ ọlọ́mọ pé kí wọ́n yí bébà ìdánwò padà kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀! Mo bẹ alága. Ó ní òfin ni òfin. Ó pè mí ní òpó ẹ̀kọ́ ilẹ̀ yìí, ó sì sìn mí dé ẹnu géètì.

Mi ò sunkún, mi ò sì bínú. Ó dà bí ìgbà tí ènìyàn bá sùn lé apá, tó jí, tó wá ń wo ọwọ́ ara rẹ̀ bíi ti ẹlòmíràn. Mo ń jẹun. Mo ń gbọ́ rédíò. Kẹ́hìndé ní "Ba komai, Baba," pé kò sí nǹkan kan. Ẹ mọ̀ pé bí mo bá bá wọn sọ Yorùbá, Hausa ni wọ́n fi ń dá mi lóhùn; inú ilé tí èèyàn kún, èmi nìkan ni mo ń sọ èdè mi. Kẹ́hìndé wá jókòó, ó ń fi ìwé ìròyìn bo ìwé tuntun Táíwò. Táíwò ní kí Kẹ́hìndé kúkú máa lọ lórúkọ òun, torí Kẹ́hìndé ló fẹ́ràn ìwé jù, ta ló sì lè dá wọn mọ̀ yàtọ̀. Ìyá wọn ní ẹ̀yin, Ìyá mi, lẹ sọ pé a kì í ra aṣọ fún ọ̀kan láìra fún èkejì, nítorí náà kí ẹnikẹ́ni má lọ. Ṣọlá ní Bàbá ló mọ̀wé, ó gbé kẹ́ẹ̀gì, ó lọ tò fún kẹrosíìnì.

Mo fún ẹgbẹ́ ọmọ Ọ̀fà níbí ní ẹ̀dà lẹ́tà yìí kí wọ́n tẹ̀ ẹ́ sínú ìwé ìròyìn wọn. Ẹ̀yin òbí tí ẹ ń kà á, ẹ má wo ọ̀dà ara ògiri, ẹ má wo agbádá. Ẹ béèrè ẹni tó ni ilé ìwé àti ẹni tó ń darí rẹ̀, ọjọ́ tí àdéhùn wọn yóò parí, bí wọ́n ṣe ń mú ọmọ, àti ohun tí wọ́n ń ṣe fún ọmọ ìyá kan náà. Bí akọ̀wé bá gbà yín nímọ̀ràn, ẹ gbọ́ ọ tán.

Ìyá mi, ẹ̀mí yín yóò gùn nínú àlàáfíà, ẹ ò ní fojú sunkún ọmọ. Ẹ bá mi kí gbogbo ará ilé, àgbà àti èwe. Dírẹ́bà tó ń mú lẹ́tà yìí bọ̀ kò ní kúrò ní gáréèjì kí ó tó di Túsìdeè, Mọ́ńdè tó ṣáájú rẹ̀ sì ni ilé ìwé yóò wọlé. Mo mọ̀ pé ìdáhùn yín kò lè bá a.

Èmi ni Àjàní, ọmọ yín, tó ṣì ń béèrè: nínú àwọn méjèèjì, èwo ni kí n jí láàárọ̀ Mọ́ńdè?