Àkùkọ Tí Bàbá So Mọ́lẹ̀

Màmá mi, ẹ kú ilé o. Ẹ má bínú pé ohùn ni mo fi ránṣẹ́. Ọwọ́ mi ń sinmi díẹ̀ ni.

Ẹ rántí mọ́tò eré ìje àtijọ́ tí mo rà. Àwọn òyìnbó ibí ní kí n gbé e pamọ́ kí ó lè máa níye lórí sí i. Mo ní èmi kì í ṣe ẹni tó ń ṣọ́ òkú. Mo gé òrùlé rẹ̀, mo fa ìjókòó rẹ̀ tu, mo fi òòlù lù ú títí ó fi gba ẹ́ńjìnì ńlá.

Bàbá ní kí n ta ẹ̀jẹ̀ àkùkọ sí i kí n tó wà á, bí wọ́n ṣe ń ṣe sí irin tuntun nílé àgbẹ̀dẹ wọn ní Ìbẹ̀fún. Ẹ̀rín ni mo fi wọ́n rín.

Ó sáré, Màmá. Ó sáré títí ó fi fọ́ mọ́ ògiri pápá ìje, irin rẹ̀ sì wọlé tọ̀ mí wá. Ara mi ti ń yá. Oúnjẹ ibí dáa, àwọn nọ́ọ̀sì ló ń fi ṣíbí bọ́ mi.

Ẹ bá mi kí àbúrò mi Ìbítáyọ̀. Ẹ sọ fún Bàbá kí wọ́n tú àkùkọ tí wọ́n so mọ́lẹ̀ nítorí mi sílẹ̀. Ògún ti mu tirẹ̀ níbí.